Ọ̀nà Kan Ṣoṣo, Ẹsẹ̀ àti Kẹ̀kẹ́

Lóṣù yìí, kì í ṣe àlọ́ ni mo mú wá, kì í sì í ṣe àròkọ nípa oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni mo fẹ́ ṣàlàyé: bí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ṣe lè jọ máa lo ọ̀nà kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fara pa.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ méjì. Èkíní, kẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ níbí, kẹ̀kẹ́ ológeere ni, onítáyà méjì tí a ń fẹsẹ̀ wà. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Marwa tó ń kó èrò. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń sọ Hausa náà, "keke" ni wọ́n ń pè é, nítorí náà kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí ò ní yé ní Kàdúná tí a wà yìí. Èkejì, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ni mo máa pè ní ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àmì abẹ́ rẹ̀ dáadáa o! Ẹlẹ́sẹ̀ ni mo kọ, mi ò kọ ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí ẹni tó ń tẹ ìwé yìí bá ṣèèṣì fi àmì kan kún un, gbogbo wa ti di ẹni tó yẹ kó lọ ronú pìwà dà nìyẹn.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́

Gbogbo wa la mọ ọ̀nà tó ti géètì ẹ̀yìn wá, tó gba ẹ̀gbẹ́ yàrá ìjẹun kọjá, tó sì já sí kíláàsì àwa júníọ̀. Láàárọ̀, láti bí aago mẹ́fà àbọ̀ títí di aago méje kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tí kì í wà lójú ọ̀nà yẹn. Àwa tí à ń gbé inú ọgbà ń ru bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti ìdí bọ́ọ̀hóòlù. Àwọn tó ń ti ilé wá ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti géètì. Àwọn ìyá tó ń dáná fún wa ń gbé ìkòkò lọ, wọ́n ń gbé e bọ̀. Àwọn ọmọ tíṣà, àwọn tí ò tíì pé ọdún mẹ́fà pàápàá, ń sáré kiri níbẹ̀.

Ní táàmù tó kọjá, kẹ̀kẹ́ kan kọ lu ọmọ JSS1 kan níbi tí ọ̀nà ti yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìjẹun. Ọmọ náà ru omi, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ò rí nǹkan kan, nítorí koríko ti ga ju orí rẹ̀ lọ. Wọ́n rán ìgúnpá ọmọ náà níbi mẹ́rin. Orúnkún ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ náà bó. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di méjì nínú ọgbà wa. Àwọn kan ní kí wọ́n fòfin de kẹ̀kẹ́ pátápátá. Àwọn kan ní àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ni kì í yà lọ́nà. A gbọ́ pé wọ́n máa ṣèpinnu lórí rẹ̀ kí táàmù yìí tó parí.

Èmi ò ní kẹ̀kẹ́ o. Inú ọgbà ni mò ń gbé, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni tèmi. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rẹ́ kan ní kíláàsì wa tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Láti ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí ní 2023, bàbá rẹ̀ ò lè san owó ọkọ̀ lójoojúmọ́ mọ́. Tí wọ́n bá ní kó máa fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní géètì ẹ̀yìn, níbi tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, ta ló máa bá a wá a tó bá di àwátì? Mo sì tún ronú nípa ìgúnpá ọmọ JSS1 yẹn. Èyí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, ìyẹn náà kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ohun tó jẹ́ kí n lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn nìyẹn.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà tẹ́lẹ̀

Ibi tí mo mú ni Peckham, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Mo mú ibẹ̀ nítorí pé àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá dé òpópónà Rye Lane á gbọ́ èdè wa, á rí iṣu àti ẹ̀lùbọ́ rà. Àbúrò màmá mi ń gbé níbẹ̀. Òun ló sọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí fún mi lórí fóònù nígbà ìsinmi, nítorí ibẹ̀ ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Surrey Canal Walk ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà.

Omi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Odò àtọwọ́dá kan ni, tí wọ́n gbẹ́ dé Peckham ní 1826, kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó pákó àti ẹrù mìíràn wá láti ẹ̀gbẹ́ odò Thames. Nígbà tó yá, iṣẹ́ èbúté ibẹ̀ dẹnu kọlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, wọ́n sì dí i. Lórí ibi tí omi ti kúrò ni wọ́n la ọ̀nà sí fún ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́. Mọ́tò kì í gba ibẹ̀. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà ìgbafẹ́ kan tó ń jẹ́ Burgess Park, ó sì já sí ilé ìkàwé Peckham, èyí tí wọ́n ṣí ní 2000, tó sì gba ẹ̀bùn Stirling, ẹ̀bùn ńlá fún ilé kíkọ́ ní Britain, lọ́dún náà gan-an. Àwọn afárá àtijọ́ ṣì wà lórí ọ̀nà náà. Abẹ́ wọn tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà láyé àtijọ́ ni kẹ̀kẹ́ ń gbà báyìí. Nínú Burgess Park fúnra rẹ̀, afárá kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1906, tí kò sí omi kankan lábẹ́ rẹ̀ mọ́. "Afárá tí kò lọ síbì kankan" ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹ máa rò pé kí ni èyí kàn wá. Ó kàn wá o. Omi inú odò bẹ́ẹ̀ kì í gun òkè. Nítorí náà, ibi tí odò àtọwọ́dá bá gbà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì máa ń gùn gbọọrọ. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dùn ún rìn fún ìyá arúgbó, ó sì rọrùn fún ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó tẹ́ tó sì gùn náà ló ń pe oníkẹ̀kẹ́ pé, "Wá sáré!" Tí o bá tún dé abẹ́ afárá, òjìji á dé, ojú á ṣú díẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tó mú ọ̀nà dára fún ẹnì kan lè sọ ọ́ di ewu fún ẹlòmíràn? Àǹtí mi ní àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn tó ń fa ajá, àwọn arúgbó, gbogbo wọn ló ń jọ lò ó láàárọ̀. Ó dà bí ọ̀nà ẹ̀yìn yàrá ìjẹun wa, bọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ìyàlẹ́nu ni ọ̀tá

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni. Àmọ́ ojú ọ̀nà kì í ṣe ojú ọ̀run. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yẹn fi rúlà ńlá kíláàsì wọn ọ̀nà tiwa, mítà 2 àti ààbọ̀ péré ni fífẹ̀ rẹ̀. Tí ẹni méjì tó ru bọ́kẹ́ẹ̀tì bá rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n ti gba mítà 1 àti ààbọ̀. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ nílò tó mítà 1, torí kì í lọ tààrà bí okùn, ó ń mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ó kù ṣín-ín-ṣín.

Ẹ jẹ́ ká wo eré náà. Ẹni tó ń rìn déédéé ń lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, tí kò tilẹ̀ sáré púpọ̀, lè máa lọ ní kìlómítà 20. Tí a bá pín in dáadáa, ó ń lọ ní mítà 5 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Tó bá wá rí ọmọ kan níwájú lójijì, ojú á kọ́kọ́ sọ fún ọpọlọ, ọpọlọ á sọ fún ọwọ́, ọwọ́ á wá tẹ bíréèkì. Ìyẹn nìkan lè gba ìṣẹ́jú àáyá kan. Mítà 5 àti ààbọ̀ ti lọ, bíréèkì ò tíì ṣiṣẹ́ rárá! Tó bá jẹ́ pé kìlómítà 10 ló ń sá ní wákàtí kan, kò ní ju mítà 3 lọ.

Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Basic Science pẹ̀lú. Tí eré ohun kan bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi máa kọ lu nǹkan kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá dín eré rẹ̀ kù láti 20 sí 10 ti yọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára ìkọlù náà kúrò. Ẹ ò rí i pé dídín eré kù díẹ̀ kì í ṣe oore kékeré.

Síbẹ̀, mo rò ó títí, mo rí i pé eré nìkan kọ́. Ẹ wò ó: tí ọmọ JSS1 yẹn bá ti mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ń bọ̀, tí oníkẹ̀kẹ́ náà sì ti mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ ní kọ́nà, wọn ì bá kọjá lára ara wọn, wọn ì bá tilẹ̀ kíra wọn. Ohun tó sọ ọ́ di ìjàǹbá ni pé ẹnì kìíní ò retí ẹnì kejì. Ìyàlẹ́nu ni ọ̀tá wa. Nígbà tí mo wá ka àwọn òfin tí wọ́n ń lò fún irú ọ̀nà yìí, mo rí i pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n ń lé ìyàlẹ́nu kúrò lójú ọ̀nà.

Aago kẹ̀kẹ́ àti "Ẹ yàgò!"

Ní Britain, ìwé òfin ojú pópó wọn sọ pé ẹni tó bá wà lórí ohun tó lè ṣe ẹlòmíràn léṣe jù, òun ni ìṣọ́ra tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n fi èyí kún un. Ọkọ̀ àjàgbé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún mọ́tò kékeré, mọ́tò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ẹlẹ́sẹ̀. Kì í ṣe pé ẹlẹ́sẹ̀ ò ní ojúṣe tirẹ̀ o, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lágbára jù ló ń kọ́kọ́ fara balẹ̀. Ìwé náà tún sọ pé kí oníkẹ̀kẹ́ má ṣe sáré kọjá lára ẹlẹ́sẹ̀, pàápàá láti ẹ̀yìn; kó dín eré kù; kó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń bọ̀, bóyá kó lu aago; kó sì rántí pé ẹni tó wà níwájú lè jẹ́ adití tàbí afọ́jú.

Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ṣebí "Ẹ yàgò!" nìyẹn? Kí kẹ̀kẹ́ tó dé ilẹ̀ wa rárá, ẹni tó bá ru ẹrù wúwo wọ inú ọjà máa ń ké pé, "Ẹ yàgò o, ẹ yàgò lọ́nà!" Kó o tó wọlé onílé náà, wàá ní, "Àgò onílé o!" Níhìn-ín ní Kàdúná, àwọn tó ń ti bárò lọ́jà máa ń pariwo pé, "Hanya! Hanya!", ìyẹn ni pé ọ̀nà, ọ̀nà. Ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀: mo ń bọ̀ o, má jẹ́ kí n bá ọ lójijì.

Àmọ́ yàgò ní ìwà tirẹ̀. Ìyá àgbà mi máa ń sọ pé ẹni tó ń ké yàgò kò gbọ́dọ̀ fi ẹrù gbá èèyàn kó tó ké e. Bẹ́ẹ̀ náà ni aago kẹ̀kẹ́. Tí aago bá dún nígbà tí kẹ̀kẹ́ ti dé ẹ̀yìn èèyàn, ńṣe lonítọ̀hún máa fò, ẹni tó bá sì fò lójijì kì í mọ ibi tó ń fò sí. Ó lè jẹ́ iwájú táyà gan-an ló máa bọ́ sí. Nítorí náà, láti òkèèrè ni ká ti lu ú. Ní etí odò Regent's Canal ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí omi ṣì wà tí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tóóró, wọ́n máa ń sọ fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ pé kí wọ́n lu aago lẹ́ẹ̀mejì, kín-ín kín-ín, kí wọ́n sì rọra.

Aago kì í ṣe àṣẹ o. Ìkíni ni. Tí o bá lu ú tí ẹni iwájú ò yà, má bínú, má sì ṣe tì í. Ó lè má gbọ́. Ẹrù lè wúwo lórí rẹ̀. Sọ ọ́ lẹ́nu pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yàgò díẹ̀ fún mi." Tó bá yà, dúpẹ́. Tí kò bá yà, sọ̀ kalẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ rẹ kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kán.

Ẹlẹ́sẹ̀ náà, ẹ gbọ́ o

Kí ẹ má bàa rò pé mò ń gbè sẹ́yìn ara wa nítorí pé èmi náà ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Ẹlẹ́sẹ̀ náà lè jẹ́ ìyàlẹ́nu.

Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, tí ẹ wá tò ní ẹ̀gbẹ́ ara yín bí ìgbà tí a bá wà lórí ìlà ní àpéjọ òwúrọ̀, ẹ ti di ògiri. Ẹ tò ní méjì-méjì, nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá sì ń bọ̀, ẹ tò tẹ̀lé ara yín. Tí okùn bàtà rẹ bá tú, bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Má ṣe dúró sáàárín ọ̀nà láti ka ìwé tí ọ̀rẹ́ rẹ kọ sí ọ. Kó o tó yà sí òdìkejì, wẹ̀yìn wò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí ẹni tó ń rìn tààrà, oníkẹ̀kẹ́ lè mọ ibi tó máa wà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹni tó bá ṣàdéédéé yà, kò sẹ́ni tó lè mọ tirẹ̀.

Tí a bá wà nílé nígbà ìsinmi, ẹ yọ íápíìsì kúrò létí kan, ó kéré tán. Tí ẹ bá mú àbúrò yín dání, ẹ jẹ́ kó wà ní ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí kẹ̀kẹ́, ẹ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ kékeré ò mọ òfin kankan. Labalábá kan ṣoṣo ti tó láti mú kó sáré gba iwájú kẹ̀kẹ́ kọjá. Ẹni tó bá ń fa ajá pẹ̀lú, kó má jẹ́ kí okùn ajá gùn jù, torí tí ajá bá wà lápá ọ̀tún tí olówó rẹ̀ wà lápá òsì, okùn ti dí ọ̀nà pa, kò sì rọrùn láti rí i.

Ọ̀nà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀

Ìwà rere nìkan ò tó. Ọ̀nà pàápàá ní ohun tó yẹ kó máa sọ fún èèyàn.

Ní Britain, wọ́n máa ń ri àmì aláwọ̀ búlúù róbótó mọ́lẹ̀. Tí àwòrán kẹ̀kẹ́ bá wà lókè, tí ti ẹlẹ́sẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí kò sí ìlà láàárín wọn, ó túmọ̀ sí pé ẹ jọ ń lo gbogbo ojú ọ̀nà. Tí ìlà bá dúró láàárín àwòrán méjèèjì, ó túmọ̀ sí pé olúkúlùkù ní apá tirẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni ti àwọn afọ́jú. Níbi tí wọ́n bá ti pín ọ̀nà sí méjì, wọ́n máa ń fi òkúta onílà gbọọrọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní apá ẹlẹ́sẹ̀, àwọn ìlà náà dábùú ọ̀nà bí àkàsọ̀. Ní apá kẹ̀kẹ́, wọ́n na gbọọrọ bí ojú irin rélùwéè. Afọ́jú á fi ẹsẹ̀ tàbí ọ̀pá mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀nà ń bá ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀.

Alẹ́ tún ní tirẹ̀. Òfin wọn ni pé kẹ̀kẹ́ tó bá jáde lóru gbọ́dọ̀ ní iná funfun níwájú àti iná pupa lẹ́yìn. Ìdí àwọ̀ méjèèjì ni pé tí o bá rí funfun, o mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Tí o bá rí pupa, o mọ̀ pé ó ń lọ. Láìrí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, o ti mọ ohun tó ń ṣe.

Koríko, kòtò, ẹrẹ̀, ẹ̀ka igi tó tẹ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Kòtò máa ń mú kí oníkẹ̀kẹ́ ṣàdéédéé yà. Ẹrẹ̀ máa ń mú kí ẹlẹ́sẹ̀ bọ́ sí apá kẹ̀kẹ́. Koríko tó ga ní kọ́nà burú ju gbogbo wọn lọ, torí pé ńṣe ló ń fi ẹnì kan pa mọ́ fún ẹnì kejì.

Apá wo ni ká gbà?

Ní Britain, apá òsì ni mọ́tò ń gbà. Àwa náà ń gba òsì tẹ́lẹ̀, àfi ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà kúrò ní òsì bọ́ sí ọ̀tún. Nítorí náà, lórí ọ̀nà àjọlò tiwa, ohun tó bá wa mu ni pé kí gbogbo wa, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, máa gba apá ọ̀tún, kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá lára ẹlòmíràn gba apá òsì rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti lu aago.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí wé ojú títì o. Lójú títì tí mọ́tò ń gbà, tí kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, apá òsì ni ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, kó lè kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ sì ń gba ọ̀tún, bí mọ́tò ṣe ń lọ. Ó dà bíi pé òfin méjèèjì ń ta ko ara wọn, àmọ́ wọn ò ta kora. Mọ́tò ń sáré ju ohun tí aago tàbí ẹnu lè kìlọ̀ fún lọ, nítorí náà ojú gbọ́dọ̀ rí i. Kẹ̀kẹ́ lè dín eré kù, ó lè kìlọ̀, ó lè dúró. Ohun kan náà ni òfin méjèèjì ń lé: ìyàlẹ́nu.

Ohun tí mo rò pé ká ṣe

Ẹ̀yin tíṣà wa, mo fọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, kí ẹ tó fòfin de kẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú àwọn nǹkan wọ̀nyí fún táàmù kan. Wọn ò ná wa lówó púpọ̀.

Èkíní, kí a gé koríko kọ́nà yàrá ìjẹun mọ́lẹ̀, ká sì máa gé e lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Àdá wà lọ́wọ́ wa, a sì ń gé koríko níbòmíràn tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé.

Èkejì, kí oníkẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti igi máńgòrò títí dé ẹ̀yìn kọ́nà náà, kó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò gùn ju mítà 30 lọ. Ẹni tó bá ń rìn kò ní lò tó ìdajì ìṣẹ́jú níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo kẹ̀kẹ́ tó bá máa wọ ọgbà ní aago àti bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́. Kí àwọn pírífẹ́ẹ̀tì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní géètì ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tí kò bá ní aago, ẹnu rẹ̀ ò sọnù: "Ẹ yàgò!" ti tó títí yóò fi rí aago rà.

Ẹ̀kẹrin, kí àwa tí à ń ru omi máa gba ọ̀tún, ní méjì-méjì, kí á má sì máa sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ sáàárín ọ̀nà láti sinmi.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹgbẹ́ wa kọ pátákó kan sí géètì àti òmíràn sí kọ́nà. Kí á kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Hausa àti ní Gẹ̀ẹ́sì, torí gbogbo wa kọ́ la gbọ́ èdè kan náà. Mo dábàá pé kí ti Yorùbá jẹ́: RỌRA, ẸNÌ KAN Ń BỌ̀. Kò dárúkọ ẹlẹ́sẹ̀, kò dárúkọ oníkẹ̀kẹ́. Bí ìwọ náà bá kà á, ìwọ náà ni ẹnì kan tó ń bọ̀ lójú ẹlòmíràn.

Tí táàmù bá parí tí ẹnikẹ́ni ṣì tún fara pa, ẹ lè fòfin dè é nígbà náà, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n mo rò pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa máa ń ṣàdúrà pé a ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Àmín o. Àmọ́ koríko tí a ò gé, aago tí a ò lu, ẹ̀yìn tí a ò wẹ̀ wò, àwa náà la ń fi wọ́n febi pa ọ̀nà.

Ìpàdé wa tó ń bọ̀ jẹ́ ọjọ́ Fráídè lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Kí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn mú búrọ́ọ̀ṣì dání. Pákó méjì ti wà nílẹ̀. Ẹ kú ìrìn o.

Láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ yín, JSS2